Wọ́n Ti Ka Bàbá Rẹ Mọ́ Afárá

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ dáadáa, ṣé ara àwọn ọmọ le? Ẹsẹ̀ rẹ kò ní í kọ ní ìlú ńlá tí o wà yẹn, ẹni tó bá sì ń rẹ́rìn-ín sí ọ láìnídìí, Ọlọ́run yóò jẹ́ kí o tètè mọ ohun tó ń wá. Àwa náà wà, a dúpẹ́, ẹ̀yìn ń ro mí díẹ̀, ewúrẹ́ ti bímọ, òrùlé yàrá tí o máa ń sùn sì ti ń jò.

Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ ni mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé. Má fòyà, kò kú. Ó ti di ti ìjọba ni.

Ṣé o rántí afárá onígi tí rélùwéè ń gbà kọjá lórí odò, tí bàbá rẹ fi sípánà fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ le títí wọ́n fi ní kó lọ sinmi nílé? Láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ti dáwọ́ dúró, a bẹ ìjọba títí kí wọ́n wá pààrọ̀ pákó tó jẹrà, ẹnu wa fẹ́rẹ̀ẹ́ bó, wọn ò dá wa lóhùn. Àfi bí ọkùnrin kan tí ìjọba rán ṣe dé lóṣù tó kọjá pẹ̀lú téèpù lọ́wọ́, ìyẹn la ṣe ń pè é ní Onítéèpù, ó ń wọn igi kọ̀ọ̀kan, ó ń fọwọ́ pa á lára bí ẹni tó fẹ́ rà á. Ó ní irú afárá bẹ́ẹ̀ ò wọ́pọ̀ láyé mọ́, pé àwọn tó gbẹ́ igi rẹ̀ wọnú ara wọn ti kú, wọn ò sì fi iṣẹ́ náà kọ́ ẹnikẹ́ni, pé ohun àjogúnbá ni fún àwọn ọmọ tí a ò tíì bí. Mo ní àwọn tí a ti bí ńkọ́, tí ẹsẹ̀ wọn ń yọ̀ bọ́ sínú ihò rẹ̀? Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò fẹ́ràn ẹ̀rín yẹn. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ó wá ní kí bàbá rẹ dúró láàrin afárá, ó fi fóònù yà á ní fọ́tò, ó bi í lọ́jọ́ orí, ó kọ ọ́ sábẹ́ ọjọ́ orí igi. Ó ní gbogbo ayé ló máa máa rí i nínú fóònù. Láti ọjọ́ náà, mi ò jẹ́ kó wẹ̀ lẹ́yìnkùlé mọ́.

Kò pẹ́ ni wọ́n ri pátákó mọ́ ẹnu afárá, àwòrán bàbá rẹ gàdàgbà lórí ẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ ẹ̀ ni pé ohun àtijọ́ tó wà níbí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú un kúrò láyè rẹ̀, kò gbọdọ̀ kùn ún lọ́dà, kò gbọdọ̀ tún un ṣe, láìgba ìwé àṣẹ. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo tún wo àwòrán.

Mo rò pé ẹ̀rù máa ba bàbá rẹ, àfi bí inú rẹ̀ ṣe ń dùn. Ó ní òun ò lè gun òrùlé mọ́, òfin ò gbà. Nígbà tí mo rán an létí pé o ti bá dókítà ojú sọ̀rọ̀, pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló yẹ ká wá kí wọ́n yọ nǹkan funfun tó bo ojú rẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó ní ó dun òun gan-an, àmọ́ wọ́n ní wọn ò gbọdọ̀ mú òun kúrò, wọn ò sì gbọdọ̀ tún òun ṣe.

Ọmọ mi, ọkùnrin yìí ò pa òfin kankan mọ́ rí láti ìgbà tó ti fẹ́ mi. Mo wá fi ọgbọ́n sọ pé mo gbọ́ pé wọ́n máa ń gún èèyàn lábẹ́rẹ́ lẹ́bàá ojú kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, tíì ọwọ́ rẹ̀ dà sí i lára. Bẹ́ẹ̀ lánàá, ó kí ewúrẹ́ wa pé ẹ káàárọ̀ mà. Ojú yẹn náà ló fi ń lọ jókòó sórí afárá tó ní ihò lójoojúmọ́, ó ní ibi iṣẹ́ òun nìyẹn.

Mo tọ Onítéèpù lọ pé kó yọ ọkọ mi kúrò. Ó ní bàbá ò sí lára ohun tí wọ́n kà. Tí kò bá sí níbẹ̀, kí ló dé tó fi ń yára sọ bẹ́ẹ̀?

Nítorí náà, jọ̀wọ́ fi owó ọkọ̀ ẹni méjì ránṣẹ́, àti ti páànù díẹ̀. Má fi sí bánkì o. Ọmọbìnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì níbẹ̀ máa ń ka owó mi kó tó fún mi, ó túmọ̀ sí pé òun náà mọ̀ pé ó lè ti dín. Awakọ̀ ni kó o fi rán. Kó o sì kọ ìwé àṣẹ kan mọ́ ọn, pé a lè mú bàbá rẹ kúrò fúngbà díẹ̀, ká tún ojú rẹ̀ ṣe, ká sì dá a padà sáyè rẹ̀. Lu òǹtẹ̀ lé e. Òǹtẹ̀ èyíkéyìí ti tó, kò kúkú lè rí i kà.

Ojú rẹ kò ní í ríbi. Ojú bàbá rẹ náà yóò sì tún rí ọ kedere.

Èmi ni,
Ìyá rẹ