Ọmọorógùn Orí Fìlà Ìyá Wa: Ìtàn Ìgbésí Ayé Dókítà Irmgard Hölscher (1948–2024)

Ẹ̀yin ará àti ọ̀rẹ́ tí ẹ bá wa dé ibi ìsìnkú yìí, a dúpẹ́. Ìlú Mülheim, létí odò Ruhr, ni wọ́n bí ìyá wa sí ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta, ọdún 1948. Awakùsà èédú ni bàbá rẹ̀, Heinrich Terbrüggen. Aránṣọ ni ìyá rẹ̀, Adelheid. Òun ni àbíkẹ́yìn wọn, ìbéèrè rẹ̀ kì í sì í tán nílé.

Ní 1967 ó wọ yunifásítì láti kọ́ kẹ́mísírì. Ní 1973 ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ oyè dókítà lọ́dọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n Lüdeke. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n so èròjà kan mọ́ òmíràn láti fi ṣe oògùn. Wọ́n máa ń fi pàládíọ́mù, irin olówó gọbọi kan, díẹ̀ sí i. Irin náà kì í tán, ó kàn ń mú iṣẹ́ yá fún àwọn tó kù ni. Ìyá wa ní tòun kò nílò irin kankan. Nínú ìgò tirẹ̀, èròjà ń so mọ́ra lójoojúmọ́ láìsí irin, orí èyí ni ó sì gbé ìwé oyè rẹ̀ kà.

Ní 1976, nígbà tí oyè ku díẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ Annegret Pohlmann, tí wọ́n jọ ń lo tábìlì kan, dán iṣẹ́ náà wò. Pàbó ló já sí. Ó tún un ṣe, kò so. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé Terbrüggen ń purọ́.  Bí orúkọ òpùrọ́ bá mọ́ ìyá wa lórí, ó parí nìyẹn, kò sí láàbù tí yóò gbà á.

"Annegret, ṣé ìwọ náà rò pé mo purọ́ ni?"

"Jókòó jẹ́ẹ́. Kó ohun èlò ẹ wá, ìgò ẹ, ọmọorógùn ẹ, gbogbo ẹ̀ pátá."

Ọmọorógùn yìí ni irin kékeré tí wọ́n fi ike funfun bò, tí mágínẹ́ẹ̀tì ń yí nínú ìgò. Ti ìyá wa ti gbó, ara rẹ̀ sì ti ha. Ẹnì kan ti fi ro pàládíọ́mù rí kí ó tó kàn án. Nígbà tí Annegret lò ó, iṣẹ́ so. Nígbà tí wọ́n fi tuntun rọ́pò rẹ̀, kò so mọ́. Pàládíọ́mù ti sá pamọ́ sí ojú ibi tó ha. Gbogbo fífọ̀ tí ìyá wa ń fọ̀ ọ́, kò dé ibẹ̀.

Òun fúnra rẹ̀ ló mú un lọ bá Ọ̀jọ̀gbọ́n.

"Ọ̀gá, pàládíọ́mù wà níbẹ̀. Ohun tí mo kọ kì í ṣe òótọ́."

Ọ̀jọ̀gbọ́n yí nǹkan náà sọ́tùn-ún sósì. "Omidan Terbrüggen, báwo ni pàládíọ́mù tó wà lára èyí ṣe pọ̀ tó?"

"Ojú ò lè rí i, sà."

"Ìyẹn ló wá ṣe gbogbo iṣẹ́ yẹn? Ẹ lọ wọ̀n ọ́n. Ohun tí ẹ ó fi gboyè nìyẹn."

Ìyá wa jókòó sórí àtẹ̀gùn níta, ó sunkún títí ara fi tù ú.

Ó gba oyè náà ní 1977. Gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti máa ń ṣe fún dókítà tuntun, àwọn ará láàbù fi páálí ṣe fìlà fún un, wọ́n so nǹkan yẹ̀yẹ́ rọ̀ sí i. Annegret so ọmọorógùn náà mọ́ iwájú gan-an.

Ní 1978 ó fẹ́ bàbá wa, Winfried Hölscher, tó jẹ́ olùkọ́. Bí bàbá bá fọ abọ́ tán, ìyá wa á ní, "O fọ̀ ọ́ ni, Winfried. Ta ló sọ fún ẹ pé ó mọ́?" Ó ṣe ìwádìí oògùn títí di 2011. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọmọorógùn tuntun ló kọ́kọ́ ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ yìí, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọdé àdúgbò ní ìṣirò lọ́jọ́ Sátidé.

Àìsàn rẹ̀ pẹ́, ó sì le. Ọpẹ́ ni pé ìrora náà ti dópin ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kọkànlá, 2024. Ó fi bàbá wa sílẹ̀, àti àwa ọmọ rẹ̀, Gisbert àti Ulrike, àti àwọn ọmọ-ọmọ, Jonte, Marlene àti Fiete.

Ní ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn, Àǹtí Annegret wá kí i. Ìyá wa di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Sọ òótọ́ fún mi. Ṣé o gbà mí gbọ́ lọ́jọ́ yẹn?"

"Díẹ̀."

"Díẹ̀ kẹ̀?"

"Díẹ̀ náà ló ṣe gbogbo iṣẹ́."

Ẹ̀rín tí ìyá wa rín lọ́jọ́ náà, ó ti pẹ́ tí a ti gbọ́ irú rẹ̀ kẹ́yìn. Fìlà rẹ̀ ló wà lórí pósí yìí, pẹ̀lú ọmọorógùn níwájú rẹ̀.

Ẹ sùn re, Ìyá wa. Kí Olúwa fi ìsinmi tù yín lára.