Jáńgílófà Tó Ń Gùn Sí I Nínú Oko Kòkó Mi

Abà Ìwó,
Omifunfun,
Ìjọba Ìbílẹ̀ Odigbo,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025.

Alága Ìgbìmọ̀ Alákòóso,
Ọgbà Ìgbafẹ́ Aláyọ̀,
Òpópónà Márosẹ̀ Èkó sí Bìní,
Ore,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀SÙN LÓRÍ ÌDÁKẸ́JẸ́ YÍN, ÀTI LÓRÍ ÀWỌN TÓ SỌ OKO KÒKÓ MI DI IBÙDÓ JÁŃGÍLÓFÀ

Èmi Toyibat Oyèlọlá, opó, ọmọ bíbí Ìwó, tó ti ń dáko kòkó ní Omifunfun láti ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn, ni mo kọ ìwé yìí sí yín. Mo kọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tó yẹ ipò yín. Èyí tó yẹ ìwà yín kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń béèrè kò ju gbólóhùn kan ṣoṣo lọ, torí pé àìsọ gbólóhùn yẹn fẹ́ gba oko lọ́wọ́ mi.

Ní oṣù Kẹfà, ẹ lẹ àwòrán kan mọ́ òpó iná láti gáréèjì Ore títí dé ọ̀nà Odigbo. Igbó ló wà nínú rẹ̀, ìlà pupa kan sì ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ láàárín àwọn igi. Ẹ kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ohun ìṣeré tí ojú kò rí rí ń bọ̀, kí ẹni tó bá lójú máa wá a. Ẹ kò sọ ohun tó jẹ́, ẹ kò sì sọ ibi tí ẹ máa kọ́ ọ sí. Ni gbogbo ìlú bá ń pè é ní jáńgílófà ńlá, irú èyí tó ń gbé èrò sáré lórí irin gígùn. Ó wá dà bí ọ̀rọ̀ ọ̀dà inú ilẹ̀ Agbabu tí ìjọba ń ṣèlérí láti wà: etí ti gbọ́ ọ yó, ojú kò tíì rí i.

Ní oṣù Keje, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ yẹ oko mi wò, ó ní àrùn tó ń mú ẹ̀ka kòkó wú ti wọ̀ ọ́. Igi tí àrùn yìí bá mú kò gbóògùn, gígé ni. Kí wọ́n má baà gé èyí tó yè mọ́ èyí tó ń kú, èmi fúnra mi fi pẹ́ńtì pupa kun ìdí igi mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Alágbàṣe tó ní ẹ̀rọ ìgégi ṣèlérí pé òun á dé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Àwọn olólùfẹ́ ọgbà yín ló kọ́kọ́ dé. Olórí wọn ni Rìlwánù, tó ń tún fóònù ṣe ní gáréèjì Ore. Wọ́n ní ẹgbẹ́, wọ́n ní fìlà, wọ́n ní ojú ìwé lórí ẹ̀rọ ayélujára. Làákàyè nìkan ni wọn kò ní. Rìlwánù ń kọjá lójú ọ̀nà, ó rí àmì pupa lára kòkó mi, ó figbe ta pé òun ti rí ìlà inú àwòrán yín. Ẹ gbà mí! Lọ́jọ́ kejì ni ọ̀kadà méjìlá já wọn sínú oko mi, tí wọ́n ń ka igi tó ń ṣàìsàn, tí wọ́n ń pè é ní òpó jáńgílófà. Wọ́n fi ìlà so igi kan mọ́ èkejì lórí fóònù, ó di ọ̀nà jáńgílófà. Pẹpẹ tí mo ń sá kòkó sí, wọ́n ní ibẹ̀ ni èrò yóò ti máa wọ̀ ọ́. Ọmọbìnrin kan nínú wọn tó ń jẹ́ Joanna fi odidi ọ̀sán kan jiyàn pé jáńgílófà náà kò lè yí padà létí odò, àfi nídìí ìrókò. Mo sọ fún wọn pé àrùn ni. Rìlwánù rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn mọ̀ pé ẹ ti kìlọ̀ fún mi kí n má tú àṣírí. Ọgbọ́n àgbọ́njù ni tiwọn.

Bí ó bá mọ níbẹ̀, ǹ bá fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlà tí wọ́n fà yẹn dé ojú Olúrótìmí, ọmọ Olóyè Ọlọ́runníyì tó ni ilẹ̀ tí mo ń dáko sí. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú, n kò jẹ́ kí ọdún kan lọ láìgbé ìṣákọ́lẹ̀ fún bàbá náà ní oṣù Kẹsàn-án: iṣu mẹ́wàá, epo pupa kẹ́ẹ̀gì kan, àkùkọ kan. Bàbá á gbà á, wọ́n á ṣàdúrà, ọkàn mi á balẹ̀ di ọdún mìíràn. Lọ́dún yìí, wọ́n dá a padà. Àkùkọ náà ṣì wà lórí ìso lẹ́yìn ilé mi bí mo ti ń kọ̀wé yìí. Kò sí àgbẹ̀ àtìpó tí a ó túmọ̀ ìyẹn fún: onílẹ̀ tí kò gba ìṣákọ́lẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ ló fẹ́ gbà. Olúrótìmí ní kí n ṣì máa kórè ti ọdún yìí ná, pé tó bá parí, àwọn máa bá ọgbà yín dúnàádúrà lórí ilẹ̀ náà. Ṣáájú ìyẹn, láti oṣù Keje, ló ti ní n kò gbọdọ̀ gé igi kankan, kí àwọn tó ń bọ̀ wá ka igi fún owó gbà-máà-bínú lè bá wọn lóòró. Bí alágbàṣe ṣe gbé ẹ̀rọ rẹ̀ padà sílé nìyẹn.

Tóò, àrùn kì í dúró de ọgbà ìgbafẹ́. Àwọn igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Mo ń kùn wọ́n bí wọ́n ṣe ń yọjú, torí bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n pé méjìdínlọ́gọ́ta nínú irinwó igi. Ẹ̀yin Ọ̀gá, ṣé ẹ mọ ohun tí àwọn olólùfẹ́ yín ṣe? Wọ́n jó! Wọ́n ní ẹ ti fi kún gígùn jáńgílófà. Rìlwánù kí mi kú oríire. Èmi àti ọkọ mi la gbin igi wọ̀nyẹn láti inú ọ̀rá tí irúgbìn ti hù, ọkọ̀ọ̀kan. Mo jókòó sílẹ̀ lórí ewé, mo sunkún níwájú àwọn ọmọ tí mo lè bí.

Mo wá sí ọ́fíìsì yín ní ọjọ́ kẹfà oṣù yìí. Agbẹnusọ yín, Ọ̀gbẹ́ni Lọ́pẹ́, fẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi pé inú ọgbà yín gan-an ni ẹ máa kọ́ nǹkan náà sí, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí. Mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi. Ó ní rárá, pé ariwo àwọn ọmọ yẹn ń polówó ọjà yín lọ́fẹ̀ẹ́, pé ẹ kò ní sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹ kò sì ní sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Họ́wù! A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ẹ̀yin tiẹ̀ ń yáná náà, torí òrùlé ẹlòmíràn ni. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ó fún mi ní ìwé ìwọlé ọ̀fẹ́ kan láti fi tù mí nínú. Ti ọmọdé ni. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni mí.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín kí ẹ kọ̀wé sí Olóyè Ọlọ́runníyì kí oṣù yìí tó parí, pé ẹ kò ní kọ́ ohunkóhun sí Omifunfun, kí ẹ sì lẹ ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ gáréèjì Ore níbi tí ẹ lẹ àwòrán yín mọ́. Olóyè kì í ṣe ènìyàn burúkú. Bí wọ́n bá rí ìwé yín, wọ́n á gba àkùkọ wọn, èmi náà á sì gé igi mi.

Ìwé ìwọlé ọmọdé yẹn wà nínú àpò ìwé yìí. Ẹ bá mi fún Rìlwánù.

Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹ fẹ́ máa dákẹ́ lọ, ẹ má wulẹ̀ náwó ra irin. Jáńgílófà yín yóò máa gùn fúnra rẹ̀ láti igi dé igi, títí yóò fi kan ẹnu ọ̀nà ilé mi. Pẹ́ńtì mi ṣì kù.

Ẹ ṣeun, bí ẹ bá ṣe é.

Èmi ni tiyín, tó ń retí èsì,

Toyibat Oyèlọlá (Ìyá Wùnmí),
Akọ̀wé, Ẹgbẹ́ Àgbẹ̀ Olóko Kòkó,
Abà Ìwó, Omifunfun.