Omi Iyọ̀ Nínú Adágún Yèyé

Ọjọ́ Ajé, 13 Ṣẹ́rẹ́ 2025

Ìbàdí ń ro mí. Láti àárọ̀ ni èmi àti Rèbékà ẹ̀gbọ́n mi ti wà lórí adágún, à ń fi ọwọ́ fa ewéko burúkú yìí. Àlejò ni mo sọ ọ́. Ó dé láìpè, ó yọ òdòdó aláwọ̀ àlùkò, kò sì fẹ́ lọ mọ́. Èyí tí a fà lọ́sẹ̀ tó kọjá ti hù padà. Ọkọ̀ ò rí ọ̀nà gbà. Àràmídé ọmọ mi pọn ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn, ó lọ bu omi mímu. Àjẹ̀ ló fi ń ti ewé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó rí omi bù.

Ọdún àkọ́kọ́ tí adágún wà lọ́wọ́ mi nìyí. Ìdílé wa ló ń so màrìwò sí ẹnu rẹ̀ tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sọ àwọ̀n síbẹ̀, kí ẹja lè bímọ. Ìdílé wa náà ló ń tú u nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Yèyé, ìyá wa, so ti ọdún tó kọjá tán ló kú. Irú ọdún wo ló wá bọ́ sí mi lọ́wọ́ yìí?

Ọjọ́rú, 15 Ṣẹ́rẹ́

Olówòkéré wá. Òun ni olórí àwọn ọlọ́kọ̀ ẹ́ńjìnì tó ń kó èrò lọ Igbókòdá. Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, bí ẹ́ńjìnì ọkọ̀ rẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè é ní Yámáhà. Ó jẹ púpurú mi, ó yìn mí títí, kó tó wá sọ ohun tó bá wá.

Ó ní ká gbẹ́ ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà láàárín adágún àti odò oníyọ̀. Kí omi iyọ̀ wọlé fún ọ̀sẹ̀ kan péré. Àlejò ò lè gba iyọ̀, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ọdọọdún tí ọyẹ́ bá mú, tí omi òkun bá gòkè wọ odò ńlá, ojú wa náà ni ewéko yẹn ṣe ń pọ́n tó ń rà. Tó bá ti kú tán, ká fi àpò iyanrìn dí ibẹ̀ padà. Òjò á fọ iyọ̀ tó bá kù.

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ṣùgbọ́n ọkọ́ kò gbọdọ̀ kan etí adágún nígbà tí màrìwò bá ṣì wà níbẹ̀. Èmi ni wọ́n fẹ́ kó tú u, kí àsìkò rẹ̀ tó tó. Mo ní máa rò ó.

Ọjọ́bọ̀, 16 Ṣẹ́rẹ́

Rèbékà ní ká ṣáà máa fà á lọ́wọ́. Ìbàdí tirẹ̀, irin ni wọ́n fi ṣe é.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18 Ṣẹ́rẹ́

Ìpàdé. Gbogbo àwọn apẹja, gbogbo obìnrin tó ń yan ẹja bíi tèmi. Wọ́n ní Yèyé ì bá ti gbà kíá. Irọ́ ni. Yèyé kì í gba ohun tí wọ́n bá fi ariwo tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Rèbékà nìkan ló dìde. Ó bèèrè pé tí iyọ̀ bá lè pa ewéko, kí ló ní kó má pa ẹja àrọ̀ wa. Yámáhà ní àrọ̀ lọ́gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á sá lọ sókè, níbi tí odò kékeré ti ń wọ adágún. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí Rèbékà ti ń kọ́ mi bí mo ṣe máa ṣe gbogbo nǹkan. Ó dùn mọ́ mi pé ẹnìkan dá a lóhùn.

Mo ní ó dára, ẹ máa gbẹ́ ẹ.

Ọjọ́ Ajé, 20 Ṣẹ́rẹ́

Mo tú màrìwò. Àwọn ọkùnrin gbé ọkọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́.

Kí oòrùn tó wọ̀, omi ti ń wọlé, tẹ́ẹ́rẹ́, bí ìgbà tí ọmọdé ń tọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25 Ṣẹ́rẹ́

Àlejò ń kú o! Ewé rẹ̀ ti pọ́n, ó ti rọ̀ mọ́ omi. Inú mi dùn dé ibi pé mo jó lórí afárá ilé wa. Yámáhà ń kọrin oríire ara rẹ̀ kiri.

Àràmídé ní omi mímu ń ṣe bákan lẹ́nu òun. Mo ní kó máa lọ bù ú lókè.

Ọjọ́ Ajé, 27 Ṣẹ́rẹ́

Ọ̀sẹ̀ pé. Wọ́n fi àpò iyanrìn dí ibẹ̀. Mo so màrìwò padà títí di ọjọ́ ìṣí adágún, tí àwọ̀n tún máa wọ omi. Ó parí.

Ọjọ́rú, 29 Ṣẹ́rẹ́

Kò parí. Omi òkun kún, ó gbé gbogbo àpò náà lọ. Ibi tí ènìyàn lè fò kọjá tẹ́lẹ̀, ọkọ̀ méjì lè gba ibẹ̀ pọ̀ báyìí. Àwọn igi àgbọn tí Yèyé gbìn sétí omi ti ṣubú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 Èrèlè

Wọ́n tún dí i. Òpó igi, àpò, iyanrìn. Ó tún lọ.

Ọjọ́bọ̀, 6 Èrèlè

Òórùn. Àlejò rì sísàlẹ̀, ó ń rà níbẹ̀. Àrọ̀ sì ti léfòó. Àwọn àgbà àrọ̀ tó gùn tó apá mi, ikùn wọn lókè, wọ́n kún etí omi bámú. Iyọ̀ ti dé òkè náà. Wọn ò rí ibì kankan sá sí. Àwọn ọmọ wọn wà láàárín wọn, àwọn tí a tìtorí wọn so màrìwò.

Mo jókòó sínú ọkọ̀, mo sunkún bí ọmọ kékeré. Mo fẹ́ máa bú Yámáhà. Ṣùgbọ́n Yámáhà kọ́ ló tú màrìwò. Ká ní mo ti sọ pé rárá, kò sẹ́ni tó máa gbé ọkọ́ débẹ̀. Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Kí ló dé tí mi ò lè sọ ọ́?

Ọjọ́rú, 12 Èrèlè

Píọ̀ wọ́tà láti Igbókòdá la ń mu. Òun náà la fi ń wẹ ọmọ.

Rèbékà wá. Mo ti ń dúró kó sọ pé ṣé òun ò wí. Kò sọ ọ́. Ó ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó bá mi kó òkú ẹja títí ọjọ́ fi rọ̀. Ì bá sàn kó bú mi.

Ọjọ́ Àìkú, 16 Èrèlè

Yámáhà ò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo gba iwájú ilé rẹ̀ kọjá, mo ti to èébú sẹ́nu. Mo bá a lẹ́nu ọ̀nà, òun nìkan, ó ń rọ iyanrìn sínú àpò. Kò sọ ọ̀rọ̀ kankan. Yámáhà! Gbogbo èébú mi gbẹ. Mo jókòó, mo bá a di ẹnu àpò mú.

Ọjọ́bọ̀, 27 Èrèlè

Ọ̀tunla ni ọjọ́ ìṣí adágún. Mo bẹ àwọn àgbà pé ká fò ó lọ́dún yìí. Wọ́n ní kò ṣẹlẹ̀ rí. Ẹni tó bá tú màrìwò gbọ́dọ̀ bu omi adágún mu lójú gbogbo ènìyàn, kó sọ pé ó dùn, kí àwọ̀n tó wọ omi. Bí Yèyé ṣe máa ń sọ ọ́, bíi pé ó ń pe ọmọ wá jẹun ni.

Ojú ń tì mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 Ẹrẹ́nà

Gbogbo ọkọ̀ wà níbẹ̀. Mo tú màrìwò, mo bu omi sínú igbá, mo gbé e sẹ́nu. Iyọ̀ òkun gidi, pẹ̀lú òórùn ewéko tó rà. Mo gbé e mì.

Wọ́n ń wo ẹnu mi. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀. Síbẹ̀, tí mo bá sọ pé ó dùn, wọ́n á hó, wọ́n á sọ àwọ̀n, a ó sì jọ máa díbọ́n.

Mo ní, "Iyọ̀ ni. A ti ba omi wa jẹ́."

Olówòkéré (mi ò lè pè é ní Yámáhà lónìí) tu ọkọ̀ rẹ̀ wá, ó gba igbá lọ́wọ́ mi, ó bu tirẹ̀, ó mu ún tán. Ó na igbá sí ẹni tó kọ́kọ́ gbé ọkọ́ lọ́jọ́sí. Ìyẹn náà mu. Bẹ́ẹ̀ ni igbá ń ti ọkọ̀ bọ́ sí ọkọ̀: àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀, àwọn tó rẹ́rìn-ín ní ìpàdé. Ẹlòmíràn bì. Ó kan Rèbékà. Mo na ọwọ́ láti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí kò ṣẹ̀. Ó wò mí, ó sì mu.

Nígbà tí igbá padà dé, Olówòkéré bi mí: "Ìyá Àràmídé, ìgbà wo lẹ máa tó lè sọ pé ó dùn?"

Mo ní kì í ṣe nígbà ayé mi. Lẹ́yìn náà mo mú màrìwò láti so ó padà, mo sì pe Àràmídé kó wá wo bí wọ́n ṣe ń so ó.