Ọjọ́ Tí Jẹ́jẹ́ Kú sí Iwájú Àwọn Sẹ́mì

Ilé Alàájì Yacoubou,
Ẹ̀yìn Mọ́sálásí,
Manigri, Bassila.
Ogúnjọ́ oṣù kìíní, ọdún 2025.

Kafayatou, Kẹ́yìn mi ọ̀wọ́n,

Mo ti lọ́kọ. Jókòó kí o tó ka èyí tó kù. Wọ́n ti so yìgì mi láti oṣù kọkànlá, lẹ́yìn ìrun alásárì, Habibullah sì ni ọkọ mi, Habibullah ará Bassila tí a jọ wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ẹni tí o máa ń sọ pé etí rẹ̀ tóbi ju àpò ìwé rẹ̀ lọ. Etí náà ṣì tóbi, Kẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀.

Má bínú pé mo fi pamọ́ fún ọ. Bàbá mi ló ní kí a pa ẹnu mọ́ títí di ọjọ́ tí wọ́n á gbé mi relé ọkọ, wàá sì rí ìdí rẹ̀ bí o bá ń kà á lọ. Ṣùgbọ́n gbogbo Manigri ti mọ̀ báyìí. Èmi fúnra mi ni mo pariwo rẹ̀ ní ojú títì, lọ́sàn-án gangan, láàárín àwọn sẹ́mì àti alùpùpù tí wọ́n fi ń gbé èrò, ọwọ́ mi lórí.

Ẹ kú ọyẹ́ o. Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Parakou? Báwo ni Oumarou, ọkọ rẹ? Ṣé ikọ́ tó máa ń dà á láàmú nígbà eruku ti fi í lọ́rùn sílẹ̀? Djamilatou ọmọ mi ńkọ́? Mo gbọ́ pé ó ti ń rìn, pé kò sì sí adìyẹ tó lè sinmi ní àgbàlá yín mọ́. Ẹ bá mi gbé e mọ́ra. Ìyá yín, Ìyá Ìbejì, wà dáadáa. Ara wọn le ju bí o ṣe fi wọ́n sílẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ wọn gan-an ló mú kí n kọ ìwé dípò kí n fi fóònù pè ọ́. Bí mo bá pè ọ́, wàá ké, ọkọ rẹ á gbọ́, ọkọ rẹ á sì pe Zoubérou ìkejì rẹ kí o tó nu ojú rẹ tán. Nítorí náà, jọ̀ọ́, ìwọ nìkan ni kí o kà á.

O kò tíì rí Jẹ́jẹ́. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni, tí àwọn ará mẹ́rí, ilé ìjọba wa ní Bassila, fi ránṣẹ́ sí Manigri lẹ́yìn òjò pé kí a fi dán an wò. Kì í mu epo. Oòrùn ni oúnjẹ rẹ̀: wọ́n to àwọn páànù dúdú kan sórí òrùlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwòsàn, ibẹ̀ ló ti ń jẹun. Kò léèéfín, kò láriwo, ìdí nìyẹn tí àwọn obìnrin fi sọ ọ́ ní Jẹ́jẹ́. Ìjọba ń san apá kan nínú owó ọkọ̀, torí náà ohun tí a ń san dé Bassila kò tó ìdajì ti sẹ́mì. Àti pé èèyàn ń jókòó nínú rẹ̀ bí èèyàn, aṣọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí a lè fà nítorí eruku. Habibullah, tó kọ́ṣẹ́ iná ní Djougou, ni wọ́n ní kó máa wà á.

Ṣùgbọ́n ìdánwò ni, mo ti wí. Àwọn ará mẹ́rí ní àwọn ń bọ̀ wá gbọ́ ẹnu ará ìlú ní gbangba. Bí Manigri bá jáde, tí wọ́n sì sọ pé àwọn fẹ́ ẹ, Jẹ́jẹ́ á dúró, wọ́n á sì fi méjì kún un. Bí Manigri bá dákẹ́, ìlú Pénéssoulou ni yóò gbà á lọ. Wọ́n ti ń bẹ̀bẹ̀ fún un níbẹ̀. Ẹni tó sì ń sapá jù pé kí Manigri dákẹ́ ni ìkejì rẹ, Táyé tìrẹ, Zoubérou.

Kì í ṣe èèyàn burúkú, èmi àti ìwọ mọ̀. Àwọn sẹ́mì fi í ṣe olórí wọn nítorí pé kì í jẹ́ kí a fìyà jẹ ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó ń sọ kò ju èyí lọ: "Alùpùpù ni àwọn ọmọ wọ̀nyí fi ń bọ́ ìyàwó wọn. Bí gbogbo obìnrin bá ti wọ Jẹ́jẹ́, ta ni wọ́n á gbé?" Àwọn ará mẹ́rí dáhùn pé àárín àwọn sẹ́mì ni àwọn á ti mú ẹni tí yóò wa méjì tó ń bọ̀. Zoubérou ní ìrì àárọ̀ ni ìlérí ìjọba. Ó wá búra pé ẹnikẹ́ni láti ilé yín kò gbọdọ̀ gbé ẹsẹ̀ sínú rẹ̀. O sì mọ̀ pé àwọn sẹ́mì ló ń sin ìyàwó relé ọkọ níbí, pẹ̀lú fèrè, pẹ̀lú eré, pẹ̀lú eruku tó ń gba ojú ọ̀run. Ìyàwó tí a kò fọn fèrè fún, wọ́n á ní ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé ọkọ bí ewúrẹ́ tó já. Ohun tó ba bàbá mi lẹ́rù nìyẹn.

Báyìí, mú ọkàn le. Ìyá yín ń wọ Jẹ́jẹ́.

O mọ ìbàdí wọn. Wọn kò lè ya ẹsẹ̀ lórí alùpùpù mọ́. Nígbà tí Zoubérou ń gbé wọn lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wọn wò ní Bassila, wọ́n á payínkeke láti ilé dé ibẹ̀, bí wọ́n bá sì padà dé, wọn kò ní lè dìde lórí ẹní. Wọn kò sọ fún un. Ó ń fi ṣe fáàrí láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ pé òun fúnra òun lòun ń gbé ìyá òun. Wọ́n bi mí pé, "Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún ọmọ mi pé ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń pa mí?" Ni wọ́n bá parọ́ fún un pé ewé tí àwọn ń mu ti wo àwọn sàn. Bí ó bá ti jáde tán lọ́jọ́ ọjà, wọ́n á gba ẹ̀yìn ilé wa, wọ́n á wọ Jẹ́jẹ́, a ó sì fa aṣọ bò wọ́n. Kò sí obìnrin tí kò mọ̀ ní Manigri. Ọmọ wọn nìkan ni kò mọ̀.

Ọjọ́ ọjà tó kọjá, a jọ ń bọ̀ láti Bassila, èmi àti ìyá yín àti àwọn obìnrin mìíràn. Àwa la lẹ̀bi ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí takisí bá kún jù, á kérora, á tú èéfín, gbogbo wa á sì mọ̀ pé ó tó. Jẹ́jẹ́ kì í kérora, a sì rò pé ohun tí kì í ké, kì í rẹ̀ ẹ́. A di ìrẹsì, a di iyọ̀, a gbé agbada irin sórí. Habibullah ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, ó tó bẹ́ẹ̀ o." Ìyá Awaou, tó ń ta aṣọ, dá a lóhùn pé, "Ọkọ wa, ṣé àyà tìrẹ ló ń gbé e ni?" Wọ́n sì tún gbé àpò ìrẹsì kan lé e. Ta ni Habibullah tí yóò bá ìyá jiyàn?

Jẹ́jẹ́ rìn, ó rìn. Bí a ṣe rí igi táwọn sẹ́mì máa ń dúró sí ní àbáwọ Manigri, ó kú. Kò wúkọ́, kò tú èéfín. Ó kàn dúró bí ẹni tó rántí nǹkan.

"Ẹ wá wò ó o, Jẹ́jẹ́ ti sùn!"

"Habibullah, ṣé ká bá ọ mú àtùpà wá, kó fi ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe omi ọbẹ̀?"

Ẹ̀rín àwọn sẹ́mì gba abẹ́ igi. Zoubérou kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó ń bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó ń wo aṣọ tí a fà. Nínú lọ́hùn-ún, ìyá yín ti di ọwọ́ mi mú, ètè wọn ń lọ, wọ́n ń ṣàdúrà, ohùn kò jáde. Habibullah bọ́ sílẹ̀, ó dúró síwájú aṣọ náà.

"Kí lo kó sẹ́yìn aṣọ yẹn?"

"Èrò ni, Zoubérou."

"Èrò tí kò lójú? Fà á, kí n rí wọn."

"N kò ní fà á. Ìwọ náà, má fà á."

"Àbí ọtí lo ń kó wọ ìlú ìmàle?"

Ó gbá Habibullah ní ọrùn aṣọ mú. Àwọn tó kù ti ń dìde, mo rí ẹnì kan tó mú irin tí wọ́n fi ń tú táyà lọ́wọ́. Mo rí ìka Zoubérou ní etí aṣọ náà, Kẹ́yìn, òrùka bàbá yín wà lórí rẹ̀, kò jìnnà sí imú ìyá yín ju bí ọwọ́ mi ṣe jìnnà sí ìwé yìí lọ. N kò mọ ohun tó gbé mi. Mo bẹ́ sílẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kejì, mo sá yí ká, mo ki ara bọ àárín wọn, mo gbé ọwọ́ lórí:

"Èmi ló ń fi pamọ́! Ìyàwó rẹ̀ ni mí! Wọ́n ti so yìgì wa!"

Ewúrẹ́ tó ń jẹ èèpo iṣu gan-an gbórí sókè. Zoubérou jẹ́ kí ọrùn aṣọ Habibullah bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tí mo gbá létí.

"Rahimatou? Ìwọ? Kẹ́yìn mọ̀?"

"Kò mọ̀."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ó yíjú sí àwọn èèyàn rẹ̀. "Ẹ gbọ́ o. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń gbé ìyàwó yìí lọ, ẹni tó bá fọn fèrè, kó má padà sábẹ́ igi yìí. Kí ọkọ rẹ̀ fi Jẹ́jẹ́ gbé e, wọ́ọ́rọ́wọ́, bí wọ́n ṣe ń gbé òkú."

Ó ku ká ti Jẹ́jẹ́ dé ìdí páànù oòrùn rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwòsàn, o sì mọ òkè tó wà lọ́nà ibẹ̀. Ìyá yín kò lè sọ̀ kalẹ̀. Habibullah di ọwọ́ ọkọ̀ mú, àwọn obìnrin gba ẹ̀yìn, èmi náà sán ìró mi, mo fi ọwọ́ kàn án. Ni mo gbọ́ ohùn Zoubérou lẹ́yìn mi.

"Kúrò níbẹ̀! Ta ló ń jẹ́ kí ìyàwó tuntun ti ọkọ̀ ní títì? Ṣé Manigri ti bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ni?"

Ó sún mi sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bọ́ bàtà, ó fi èjìká ti Jẹ́jẹ́. Bó ṣe ń tì ni ó ń bú u: àpótí aláìlẹ́nu, ahun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ohun tí ìjọba fi ń tan àwọn ìyá arúgbó. Kò sí obìnrin tó lè wo ojú ẹnìkejì rẹ̀. Ó ti ìyá rẹ̀ gun òkè náà títí dé orí, láìmọ̀. Nígbà tó dé orí rẹ̀, ó nu òógùn, ó ní, "Ó wúwo ju bó ṣe yẹ lọ. Kí lẹ kó gan-an?"

"Ìrẹsì ni, ọmọ mi," ni Ìyá Awaou wí.

Ó padà sábẹ́ igi rẹ̀. Mo fa aṣọ. Mo rò pé màá bá ìyá yín nínú ẹkún. Wọ́n ń sunkún lóòótọ́, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín pọ̀ mọ́ ọn. Wọ́n ní, "Mo gbọ́ èémí rẹ̀ lẹ́yìn mi. Mo gbé òun àti Kẹ́yìn sínú gun òkè yìí rí, ọjọ́ òní ló gbé mi padà. Ẹnu bàbá rẹ̀ ló ní. Èjìká bàbá rẹ̀ náà sì ni." Lẹ́yìn náà wọ́n ká aṣọ yẹn sókè, wọ́n fi okùn dì í. "Rahimatou, ó tó gẹ́ẹ́. N kò ní máa fi aṣọ bo ojú bí olè mọ́."

Ohun tí a ti fi ẹnu kò lé lórí nìyí. Nígbà tí àwọn àna mi ní kí n mú ọjọ́ tí wọn yóò gbé mi, ọjọ́ tí àwọn ará mẹ́rí ń bọ̀ ni mo mú, kí gbogbo ẹbí àti ọ̀rẹ́ wa lè wà ní ìlú láti sọ tẹnu wọn. Bàbá mi ní orí mi ti dàrú: bí fèrè kò bá dún, ojú ìlú àti ojú ìjọba ni ìtìjú á ti bá mi. Mo mọ̀. Bí mo bá rántí rẹ̀, àyà mi á já. Bí mo bá sì tún rántí ọkọ mi, ẹsẹ̀ mi á bẹ̀rẹ̀ sí í jó nídìí odó. Bí mo ṣe wà nìyẹn, ẹ̀rù níhìn-ín, ayọ̀ lọ́hùn-ún.

Ìyá yín ni yóò jókòó tì mí nínú Jẹ́jẹ́, láìfa aṣọ. Wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ níwájú àwọn ará mẹ́rí, wọ́n á sì sọ ọ̀rọ̀ ìbàdí wọn fúnra wọn. Lẹ́yìn tí wọ́n bá sọ̀rọ̀, kò sí ìyá tí yóò tún dákẹ́ ní Manigri. Ṣùgbọ́n wọn kò fẹ́ kí ọmọ wọn gbọ́ ọ ní gbangba. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, lẹ́yìn ìrun màgáríbà, ni wọ́n fẹ́ sọ fún un nínú yàrá wọn. Wọ́n sì ní àwọn kò ní la ẹnu àyàfi bí ẹ̀yin méjèèjì bá jókòó síwájú àwọn, bí ẹ ṣe jọ wá. Ìwọ lo rán an wá tọ́ ayé wò, ìwọ lẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó lè bú ìjọba, ó lè bú mi, n kò tíì gbọ́ kó gbé ohùn sókè sí ọ rí. Bí kò bá fọn fèrè fún mi, màá gbà á bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá gbọ́ pé ìyá rẹ̀ ló tì gun òkè, kó má jẹ́ pé òun nìkan ló máa wà níbẹ̀.

Bá mi kí Oumarou, kí ìyá rẹ̀, kí àwọn aládùúgbò yín tó fún mi ní wàrà nígbà ìkómọ. Habibullah ní kí n kí ọ, ó ní kí o wá fi ojú ara rẹ wọn etí òun. Mú Djamilatou wá, ààyè ti wà fún un láàárín èmi àti ìyá ìyá rẹ̀.

Èmi tí kò ní fi nǹkan pamọ́ fún ọ mọ́ láé,
Rahimatou, ìyàwó Habibullah.

Àlàmísì ni wọ́n ń gbé mi. Ṣùgbọ́n ìwọ, ọkọ rẹ àti gbogbo ọmọ Manigri tó wà ní Parakou, ẹ gbọ́dọ̀ ti wọlé kí oòrùn tó wọ̀ ní Àlàrúbá, ọjọ́ kejìlá, oṣù kejì.