Káábà Lẹ́yìn Ìwé Sẹ̀nẹ̀gà Mi

Alẹ́ Àlàmísì

Inú ń bí mi gan-an. Ìwé tí mo kọ nípa ìrìnàjò mi sí Sẹ̀nẹ̀gà jáde lónìí, àwòrán Káábà ni atẹ̀wé mi tó wà ní àdúgbò Ṣàngó fi sẹ́yìn rẹ̀. Ó tún kọ “Alhaja” ṣáájú orúkọ mi.

Èmi tí mi ò dé Mẹ́kà rí!

Nígbà tí mo lọ bá atẹ̀wé náà, ẹ̀rín ló ń rín. “Ìwé ìrìnàjò Mùsùlùmí kì í tà láìsí Káábà, mà. Àdúà ni, ẹ ó lọ.”

Àdúà wo? Mọ́tò tó bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́ ní Màlì lójú ọ̀nà, ẹja Dàkà, ẹ̀rín àwọn obìnrin etí òkun, ohun tí mo kọ nìyẹn. Ṣé Mùsùlùmí ò lè rìnrìn àjò kó kàn fojú rí ayé ni?

Ìyá Sàfúrà, aládùúgbò wa tí kò mọ̀wé, bá mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó gba ìwé kan, ó ń fọwọ́ pa Káábà náà, omijé lé ròrò sójú rẹ̀.

“Ìyá Nímọ̀, ibi tí o lọ nìyí? Ṣé o dárúkọ mi nínú àdúà níbẹ̀?”

Ó yẹ kí atẹ̀wé yẹn wá dá a lóhùn.