Ìyá Ẹ̀ṣọ́ àti Ikọ́ Tó Sùn Sí Wọn Láyà

Ní ọdún 1949, nínú yàrá kan ṣoṣo tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ, ni wọ́n bí màmá wa ọ̀wọ́n, tí tẹrú-tọmọ mọ̀ sí Ìyá Ẹ̀ṣọ́. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni bàbá wọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbélé. Ìyá wọn ló ń ránṣọ. Màmá nìkan lọmọ. Orí ibùsùn kan náà ni ìyá àtọmọ ń sùn, fèrèsé kékeré kan ni yàrá náà sì ní. Láti ìgbà tí Màmá ti gbọ́njú ni ìyá wọn ti ń wúkọ́: kúkúrú méjì, gígùn kan, lẹ́yìn náà ohùn kan bíi ti ẹni tó fẹ́ dá orin tó wá gbàgbé rẹ̀. Wọ́n á kọjú sí ògiri kí wọ́n tó wú u, kó má baà kan ọmọ. Ikọ́ ife ni. Òun ló mú wọn lọ ní ọdún 1956.

Àbúrò ìyá wọn ló gba Màmá tọ́. Àǹtí Kékeré la ṣì ń pè wọ́n dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Nígbà tí Màmá wà nílé ẹ̀kọ́ girama, àwọn nọ́ọ̀sì wá gún gbogbo kíláàsì ní abẹ́rẹ́ kékeré lápá láti fi wá kòkòrò ikọ́ ife. Ti àwọn yòókù pòórá. Ti Màmá wú, ó le, ó ń gbóná. Dókítà ṣàlàyé fún wọn pé kòkòrò tó pa ìyá wọn ti wọ inú ẹ̀dọ̀fóró wọn, kò sì kú. Àwọn ẹ̀ṣọ́ inú ẹ̀jẹ̀ ló yí i ká bí odi, ó wá ń sùn sáàárín wọn. Ọmọ mìíràn ì bá bú sẹ́kún. Màmá béèrè bóyá ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ níbi tó wà.

Ìbéèrè yẹn ló gbé wọn dé yunifásítì, ó sì gbé wọn dé ilé ìwádìí tí wọ́n ti ń wá abẹ́rẹ́ àjẹsára ikọ́ ife. Ibẹ̀ ni wọ́n ti pàdé bàbá wa olóògbé, ẹni tó ń ya fọ́tò àyà. Bàbá a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun rí inú àyà ìyàwó òun kóun tó rí ojú rẹ̀ dáadáa. Wọ́n ní nǹkan funfun bíńtín kan wà lókè ẹ̀dọ̀fóró ọ̀tún, ó ká jọ bí ẹni tí òtútù ń mú. Ìyẹn ò ní kí wọ́n má fẹ́ wọn ní ọdún 1976. Ọmọ méjì ni Ọlọ́run fi ta wọ́n lọ́rẹ.

Iṣẹ́ Màmá ni láti gún eku funfun lábẹ́rẹ́, kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì wò ó bóyá àwọn ẹ̀ṣọ́ á dìde tí wọ́n bá gbúròó kòkòrò. Ọ̀pọ̀ abẹ́rẹ́ ló mú kí ẹ̀ṣọ́ dìde tariwo-tariwo, síbẹ̀ tí eku ṣàìsàn tó sì kú nígbà tí kòkòrò gan-an wọ̀ ọ́ lára. Màmá a máa tẹ̀ ẹ́ mọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn létí pé ariwo ẹ̀ṣọ́ lọ́tọ̀, ààbò lọ́tọ̀. Bí wọ́n ṣe sọ wọ́n ní Ìyá Ẹ̀ṣọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n lọ́dọọdún, wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ ara wọn, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò lọ́nà kan náà, ẹ̀ṣọ́ wọn á pariwo gee, inú wọn á dùn. Ohun tí wọ́n fi kọ́ gbogbo ayé, wọn ò fi kọ́ ara wọn.

Ní ọdún 1991, ilé ìwòsàn tí ìyá wọn kú sí kógbá wọlé, wọ́n sì kó àwọn kòkòrò tí wọ́n gbà lára àwọn aláìsàn, tí wọ́n mú gbẹ sínú ìgò tín-ín-rín, wá fún ilé ìwádìí. Orúkọ ìyá Màmá wà lára ìgò kan. Màmá fún un lóúnjẹ, wọ́n sì fi í síbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó hù. Ọkùnrin tó ń tọ́jú fírísà sọ fún ẹbí pé láàárọ̀, ìgò yẹn ni Màmá máa ń kí ní "Ẹ kú àárọ̀, Màmá" kí wọ́n tó kí òun. Láti ìgbà náà, kò dá wọ yàrá yẹn mọ́.

Ní ti ìgbàgbọ́, wọn kì í pa ilé ìsìn jẹ. Wọ́n máa ń dúpẹ́ ní gbangba fún ìyá tó ṣì ń bá wọn gbé. Àlùfáà rò pé àfiwé ni. Ní Sátidé, wọ́n ń gún àwọn ìkókó àdúgbò ní abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́fẹ̀ẹ́, ọwọ́ wọn fúyẹ́ débi pé ọmọ ò ní mọ̀ tí abẹ́rẹ́ á fi jáde.

Apòògùn ni àkọ́bí wọn. Ọjọ́ pẹ́ tó ti ń bẹ Màmá kí wọ́n lo oògùn tó ń pa kòkòrò tó sùn. Nígbà tí òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ kó wá gbé lọ́dọ̀ wọn, tí ọmọ náà kọ̀ tí kì í sùn níbòmíràn àfi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá àgbà, ẹ̀bẹ̀ di ìjà. Màmá ní kó fara balẹ̀, ẹ̀ṣọ́ àwọn ò sùn. Nígbà tí kò gbà, wọ́n là á mọ́lẹ̀ fún un: "Gbogbo ohun tó ṣẹ́ kù lára ìyá mi tó ṣì ń mí nìyí. Ṣé èmi ni kí n wá pa á?"

Lọ́dún tó kọjá, Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Àǹtí Kékeré, tí ojú wọn ò ríran mọ́, wá kí wa. Wọ́n jókòó ní pálọ̀, a ò tíì sọ fún wọn pé ara ẹnikẹ́ni ò yá. Bí ikọ́ ṣe dún láti inú yàrá, wọ́n dìde dúró, wọ́n kọjú síbẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn," wọ́n wí. "Ta ló ṣílẹ̀kùn fún wọn?" A fún wọn lómi, wọn ò mu.

Fọ́tò fi hàn pé ibi funfun tí Bàbá rí lọ́jọ́sí ló ya. Ilé ìwádìí fi kòkòrò tó wà nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ Màmá wé ti inú ìgò: ọ̀kan náà ni. Màmá gbà láti lo oògùn nígbà náà, wọ́n sì lò ó pé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi aṣọ bo imú wá síbí, ẹ fọkàn balẹ̀, kò sí kòkòrò lára wọn mọ́. Ẹ̀dọ̀fóró wọn tó ti bàjẹ́ jù ló mú wọn lọ.

Àwọn tó gbẹ̀yìn wọn ni Àǹtí Kékeré, àkọ́bí wọn apòògùn, àbígbẹ̀yìn wọn awakọ̀, àti ọmọ-ọmọ mẹ́rin. Èyí tó kéré jù nínú wọn lọmọ tó ń bá wọn sùn. Wọ́n gún un lápá. Apá náà wú. Kò ṣàìsàn, kò wúkọ́. Kòkòrò náà kàn ń sùn sínú rẹ̀ ni. Ìyá rẹ̀ ló ń fún un lóògùn láràárọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ náà di kóró oògùn mú sọ́wọ́, ó ní: "Mọ́mì, tí mo bá gbé e mì, ṣé ìyá àgbà máa wá kú tán?" Apòògùn, tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún bá ìyá rẹ̀ jà lórí oògùn yìí kan náà, rí i pé òun ti na ọwọ́ láti gbà á padà. Ó fa ọwọ́ náà sẹ́yìn. Ó bu omi fún ọmọ, ó sì dúró tì í títí ó fi gbé e mì.

Màmá wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìfẹ́. Ẹ sùn re o, ẹ̀yin àti ìyá yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jí nínú ọmọ yìí.