Ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n Wọn Ni: Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Màmá Jẹ̀mílátù Àṣìkẹ́ Akínbọ̀wálé (1963–2023)

Ọmọ Imasayi ni olóògbé, láti ilé Bàbá Àúdù, àgbẹ̀ òwú àti ẹ̀gẹ́ tí kì í yára sọ̀rọ̀, tí kì í sì í kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Bàlíkísù, ọmọ Kétu ní òdìkejì bọ́dà, ni ìyá tó bí wọn. Ọdún 1963 ni Màmá wáyé. Nàfíù, ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin, nìkan ló ṣíwájú wọn nínú àwọn ọmọ tó yè, nítorí náà ọmọ àṣìkẹ́ ni wọ́n lóòótọ́.

Bàbá Àúdù ní òfin kan nínú ilé: ohun tí ẹ̀gbọ́n bá fọwọ́ ara rẹ̀ so, àbúrò kò gbọdọ̀ tú u láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ bi í. Òjò ńlá kan rọ̀ lọ́jọ́ kan nígbà tí ewúrẹ́ tí Nàfíù so wà ní gbangba. Dípò kí Àṣìkẹ́ tú okùn, oko ló sá lọ láti béèrè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kó tó dé padà, òjò ti pa ewúrẹ́, òjò sì ti pa òun náà. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe yẹ̀yẹ́ Màmá títí wọ́n fi dàgbà.

Ní 1969, Màmá bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Imasayi. Ayétòrò ni wọ́n ti ka ìwé girama, wọ́n sì lọ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ìṣirò ní Abẹ́òkúta. Nàfíù ní tirẹ̀ lọ gbé lọ́dọ̀ àwọn ẹbí ìyá wọn ní Kétu. Níbẹ̀ ló ti gbọ́ Faransé, tó kọ́ṣẹ́ rédíò títúnṣe, tó sì bọ́ sídìí kọ̀ǹpútà nígbà tí ayé yí padà.

Ọdún 1991 ni wọ́n so yìgì Màmá pẹ̀lú Bàbá Husain Akínbọ̀wálé, oníṣòwò àgbàdo ní Ìlárá, ìlú tí bọ́dà gba àárín ẹbí kọjá. Bàbá Husain fẹ́ràn láti máa sọ pé òun kò borí nínú àríyànjiyàn kankan láti ọjọ́ yẹn, pé bí ènìyàn bá fẹ́ olùkọ́ ìṣirò, kí ó yáa gba kámú. Ilé wọn tòrò, ó sì lẹ́rìn-ín nínú.

Màmá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé-ìwé girama kan ní Ìlárá ní 1992. Ní 2016, àwọn ọmọ ìlú tó wà lókè òkun ra kọ̀ǹpútà fún ilé-ìwé náà láti Kutonú, Nàfíù sì wá tò wọ́n. Nígbà tí àwọn àgbà gbé àpótí kéékèèké náà, tí wọ́n rí i pé ó fúyẹ́, ọ̀kan nínú wọn ní, “Wọ́n ti yọ inú ẹ̀ tà ní Kutonú.” Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ṣàlàyé pé ẹ̀rọ ńlá kan tó wà ní igun yàrá, tí wọ́n sọ ní Ìyá, ló ń gba iṣẹ́ gbogbo wọn pamọ́. Àmì Ìyá, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi dá a mọ̀, nìkan ni àwọn kéékèèké náà mọ̀, òun ni wọ́n fi ń wá a rí bí wọ́n bá ti tàn wọ́n.

Bí ilé-ìwé bá ti wọlé ní sáà tuntun ni Nàfíù máa ń wá láti Kétu wá yẹ̀ wọ́n wò. Ó fi ihò kékeré kan han Màmá nísàlẹ̀ àpótí kọ̀ọ̀kan: bí ènìyàn bá ki píìnnì bọ̀ ọ́, tó sì dì í mú nígbà tó bá ń tàn án, gbogbo ohun tí wọ́n ti tò sínú rẹ̀ yóò pa rẹ́, yóò dà bí ọjọ́ tó ti ilé iṣẹ́ dé. “Bí n ò bá sí nítòsí, ohun tí o máa ṣe nìyí,” ni Nàfíù wí. Màmá ní àwọn gbọ́, ṣùgbọ́n kò wá sí wọn lọ́kàn pé ọjọ́ náà ń bọ̀.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, ìjọba ti bọ́dà pa. Epo bẹ́ńtírò di ohun àwárí, ọ̀nà Kétu sì kún fún àwọn ṣọ́jà àti kọ́sítọ́ọ̀mù. Ní oṣù Kọkànlá, iná jẹnẹrétọ̀ ya wọlé ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì jó ẹ̀rọ Ìyá. Wọ́n rí òmíràn rà ní Ìlaro, ṣùgbọ́n àmì tirẹ̀ yàtọ̀, kò sì ṣeé pààrọ̀. Bí wọ́n bá tan àwọn kéékèèké, ìyá àtijọ́ ni wọ́n ń wá. Àfi kí ènìyàn lọ bá wọn ní ìjókòó wọn, kó fi píìnnì pa ohun inú wọn rẹ́, kó sì fi ìyá tuntun mọ̀ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Orí kọ̀ǹpútà ni àwọn ọmọ ìwé àṣekágbá yóò ti ṣe ìdánwò ìwọlé sí yunifásítì ní oṣù Kẹta, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì tíì mọ kíbọ́ọ̀dù tẹ̀.

Ọ̀gá ilé-ìwé, Ọ̀gbẹ́ni Ayọ̀túndé, bẹ Màmá títí. Èsì kan náà ni wọ́n ń fọ̀, bí òfin Bàbá Àúdù ti kọ́ wọn: “Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ni, sà. Wọ́n ń bọ̀.”

Nàfíù kò ní í wá mọ́. Ó ti kú ní Kétu ní oṣù Kejìlá, wọ́n sì ti sin ín lọ́jọ́ náà gan-an. Àwọn àgbà ẹbí ní kí ẹnikẹ́ni má sọ fún Màmá, pé ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru, pé ọ̀nà kò sì sí tí wọn yóò gbà débẹ̀. Báyìí ni àṣà wí, Bàbá Husain sì gbà. Bí Màmá bá pe fóònù Nàfíù, ìyàwó rẹ̀ ni yóò gbé e: “Wọ́n ń sùn, Àǹtí. Wọ́n ní kí n kí yín.” Màmá a ní kó jẹ́ kí wọ́n sinmi. Àwọn aládùúgbò ń gbé oúnjẹ wá láìnídìí, wọ́n ń rọra kí Màmá bí ẹni ń kí aláìsàn. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn, wọ́n sì ń dúró de ẹ̀gbọ́n wọn.

Ní oṣù Kejì ọdún 2020, Bàbá Husain bá Màmá ní yàrá kọ̀ǹpútà, níbi tí wọ́n ti ń nu eruku ọyẹ́ kúrò lára àwọn ẹ̀rọ kí Nàfíù lè bá wọn ní mímọ́. Ara Bàbá kò gbà á mọ́.

“Àṣìkẹ́, Nàfíù ti lọ.”

Màmá gbé àkísà ọwọ́ wọn sílẹ̀. “Láti ìgbà wo?”

“Oṣù Kejìlá.”

“Ẹ sì ń jẹ́ kí n máa kí wọn.”

Ọ̀rọ̀ yìí dun Bàbá Husain wọra, ó sì ń dùn ún títí di òní. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, Màmá yọ píìnnì lára gèlè wọn, wọ́n sì lọ sí ilé-ìwé. Wọ́n tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n wọn kí wọ́n tó ki í bọ inú àpótí àkọ́kọ́. Nígbà tó tàn padà, tó ń sọ Faransé bí ọjọ́ tí wọ́n rà á ní Kutonú, ọwọ́ wọn tẹ àmì ìyá tó ti jó, nítorí èyí tó ti mọ́ wọn lára nìyẹn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sunkún, wọ́n sì tún un ṣe. Báyìí ni wọ́n ṣe lọ láti orí ọ̀kan dé èkejì títí gbogbo wọn fi mọ ìyá wọn. Àwọn ọmọ náà kọ́ kíbọ́ọ̀dù, wọ́n sì ṣe ìdánwò wọn. Púpọ̀ nínú wọn wà láàrin yín níbí lónìí.

Màmá jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn ẹ̀sìn. Àwọn ni wọ́n ń darí àwọn obìnrin Aṣàlátù ní àdúgbò wọn, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ìyá àgbà bí wọ́n ṣe ń fi fóònù pe ọmọ wọn. Ní 2021, wọ́n lọ sí Kétu, wọ́n jókòó létí sàréè Nàfíù títí oòrùn fi yí. Ìgbà tí wọ́n dé ni wọ́n pe ẹbí jọ, wọ́n ní, “Bí tèmi bá dé, ẹ má fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ni òkú ni kó kọ́kọ́ gbọ́.”

Àìsàn ráńpẹ́ ló mú Màmá lọ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023. Ọkọ wọn, Bàbá Husain, ló gbẹ̀yìn wọn, pẹ̀lú àwọn ọmọ: Basit, Mẹ̀dínátù àti Roheemat, àwọn ọmọ-ọmọ, àti èyí tó wà nínú Roheemat.

Nítorí oyún yìí ni àwọn àgbà ṣe tún ní kí wọ́n má sọ fún Roheemat, pé kí wọ́n jẹ́ kó bímọ ná. Bàbá Husain tẹ́tí sí wọn títí wọ́n fi sọ̀rọ̀ tán. Ó dìde, ó sì pe Roheemat ní Ìlaro. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ọmọ náà ti dé. Òun ló bu omi tí wọ́n fi wẹ ìyá rẹ̀.

Àṣìkẹ́, ọmọ Àúdù, kí Ọlọ́run fi Alijánnà ṣe ilé fún yín. Kò sí ẹni yín tí kò gbọ́, Màmá. Ẹ sùn ire.